Ebè Mẹ́fà Lẹ́yìn Ilé

Mowe,
Ọjọ́ kejì oṣù Igbe, 2024.

Jẹ̀lílì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ọ̀dọ̀ yín ti dẹwọ́? Ààwẹ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún níbí, Ọlọ́run sì ń fún mi lókun.

Mo mọ̀ pé o pe fóònù mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rí i, n kò gbé e ni. Etí mi kò gba fóònù mọ́. Ìwọ á máa pariwo, èmi á máa dáhùn ohun tí o kò bi mí, àwa méjèèjì á sì fi ìbínú pa á. Lẹ́tà ló yá mi lára. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ, ọwọ́ mi kò sì tí ì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Salmah, aránṣọ tó háyà yàrá iwájú, ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò tí yóò fi í ránṣẹ́ sí ọ. Bí o bá kọ tìrẹ, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún mi.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣán ẹ̀yìn ilé. Láti ọjọ́ tí èmi àti bàbá rẹ ti fi owó ìfẹ̀yìntì wa ra ilẹ̀ yẹn, tí a fi orúkọ rẹ sí ìwé rẹ̀ torí pé ìwọ nìkan la bí, koríko nìkan ló ń hù níbẹ̀. Mo kọ ebè mẹ́fà. Tẹ̀tẹ̀ wà lórí méjì, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbìn ín. Ṣọkọ wà lórí ọ̀kan, ilá lórí méjì. Ẹyọ tó kù, ata rodo ni mo fi í dè. Ata náà ṣì kéré, inú ike ọ̀dà ló wà lábẹ́ òrùlé. Ìbàfò ni mo ti lọ gba ìgbẹ́ adìyẹ tí mo fi sábẹ́ ilẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Láti ọdún méjì tí bàbá rẹ ti lọ, n kò ní ohun tó ń gbé mi dìde lówùúrọ̀. Ilá kì í bi mí ní ìbéèrè tí n kò ní í gbọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. O kò wá sìnkú bàbá rẹ. Mo gbà pé ìwé ìrìnnà ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti pé ọdún méjì. Bí o kò bá tí ì ráyè wá, sọ ọjọ́ kan fún mi tí mo lè máa retí.

Èmi ìyá rẹ,
Sọ̀fíyátù.


Leeds,
21 Épírì, 2024.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ o, mà. Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ẹ má fòyà.

Mà, inú mi kò dùn. Abdulrauf, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Arepo, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ẹ jókòó sórí àpótí létí títì ní Mowe, ẹ gbé tẹ̀tẹ̀ sínú abọ́ síwájú. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe màmá yín nìyí?" Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin. Mo ní ẹni tó jọ yín ni. Ẹ wo ohun tí ẹ sọ mí dà, Màámi, mo jókòó sílùú òyìnbó, mo ń parọ́ nítorí ẹ̀fọ́.

Kí ni n kò fún yín? Ìgbà wo lẹ ní kò sí oúnjẹ nílé? Àwọn ènìyàn á rò pé mo ti pa yín tì. Ẹ̀yin náà ẹ ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ẹ wá gbé ọkọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbin nǹkan kan sí ẹ̀yìn ilé yẹn mọ́. Mo ní ètò kan lórí ibẹ̀. Tó bá yá, mo máa ṣàlàyé. Ẹ kàn fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ bá mi kí Salmah.

Ọmọ yín,
Jẹ̀lílì.


Mowe,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdu, 2024.

Jẹ̀lílì,

Mo kí ọ. Ó pẹ́ kí n tó lè fèsì.

O ní o sọ fún Abdulrauf pé kì í ṣe èmi. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tún ní kí Salmah bá mi kà á, bóyá ojú mi ló fẹ́ tẹ̀ lé etí mi. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀. N kò jalè, n kò ṣagbe. Ẹ̀fọ́ tí mo gbìn ni mo tà. Tẹ̀tẹ̀ yẹn hù kọjá ohun tí èmi àti Salmah lè jẹ. Mo gé e, ó tún rú. Mo fún ará òsì, mo fún ará ọ̀tún, ó tún kù. Ṣé kí n máa wò ó kí ó gbó síbẹ̀ ni? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí èrò tó ń lọ sí ìsìn òru ní Kámpù bá kún títì, kì í pẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń rà á á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ẹnu sún mọ́ etí mi kí n lè gbọ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

O bi mí pé kí ni o kò fún mi. Ọjọ́ kan ni mo ní kí o fún mi. O kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án nínú lẹ́tà rẹ.

Ilá ti ń tanná. Tata jẹ ṣọkọ mi láti ẹ̀gbẹ́ kan, mo da eérú sí i lára, wọ́n sì ti ń lọ. Mo ti hú ata kúrò nínú ike, mo ti tún un gbìn sórí ebè rẹ̀, ẹyọ méjì péré ló kú.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Ní Tọ́síde tó kọjá, ọkùnrin méjì wá pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀. Wọ́n kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, ọ̀kan wà láàárín ilá mi gan-an. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn níṣẹ́. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo rí orúkọ rẹ lẹ́nu wọn. Mo wọlé, mo jókòó, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ síbẹ̀? Ṣé ohun tí o pè ní ètò nìyẹn? Ṣé o ń bọ̀ nílé ni?

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ sókè. Kàn sọ fún àwọn bíríkìlà rẹ pé kí wọ́n dúró kí ilá so tán. Fèsì kíákíá.

Èmi ni,
ìyá rẹ.


Mowe,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Agẹmọ, 2024.

Jẹ̀lílì,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, o kò fèsì. Salmah ní o ti ka lẹ́tà yẹn láti ọjọ́ tó ti fi í ránṣẹ́. Ó fi àmì aláwọ̀ búlúù méjì hàn mí lójú fóònù rẹ̀.

Jẹ́ kí n ròyìn fún ọ, bí ẹni pé o kò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ kan wá da bílọ́ọ̀kù sórí ebè ṣọkọ mi. Obìnrin kan ló tẹ̀ lé e wá, Ṣọlá ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta aṣọ ní Ìbàfò. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jẹ̀lílì. Mo pè é ní olè. Mo gun orí bílọ́ọ̀kù náà, mo jókòó, mo sì fi igbe ta títí àdúgbò fi pé. Èmi, Sọ̀fíyátù, tí kò jà rí ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí lọ́jà.

Alága ẹgbẹ́ onílé ní kí gbogbo wa pàdé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àṣáárì, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí. Alfa Sùlèímọ́nù, lèmọ́mù wa, wà níbẹ̀, àgbà mẹ́fà mìíràn sì wà níbẹ̀. Ṣọlá mú ìwé jáde. Mo ní ayédèrú ni. Mo ní ọmọ mi kò lè ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi òógùn rà láìsọ fún mi. Wọ́n ní ó dá mi lójú? Mo ní kí wọ́n gbé Kùránì wá. Ṣọlá na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má búra." Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo fi Ọlọ́run búra lójú gbogbo wọn pé ọmọ mi kò tà á.

Ìgbà náà ni obìnrin yẹn mú fóònù jáde. Ó ti ń sunkún kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo rí ọ nínú rẹ̀. O wọ búbá àwọ̀ ewé tí Salmah rán, tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́dún Iléyá èṣí. Ẹnu rẹ ń mì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kí Salmah sọ ọ́ fún mi. Kò fẹ́ sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ tì í. Ó gbé ẹnu sí etí mi, ó sì ń tún un sọ fún mi lójú gbogbo wọn, díẹ̀díẹ̀: "Ó ní, èmi Jẹ̀lílì ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa. Ó ní, owó ti pé lọ́wọ́ mi. Ó ní, màmá mi mọ̀ sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i."

Màmá mi mọ̀ sí i.

Alága kò bú mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ gbà kí ó tà á, ẹ wá sọ obìnrin yìí dolè? Ẹ sì gbé ọwọ́ lé Kùránì?" Ìyẹn, kò sí ẹni tó tún un sọ sí mi létí. Mo gbọ́ ọ.

N kò béèrè ìdí tí o fi tà á. Ìwé rẹ ni, orúkọ rẹ ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí o fi gbé mi síbẹ̀.

Sọ̀fíyátù.


Leeds,
25 Ọ́gọ́ọ̀sì, 2024.

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò sì ní dìde. Ojú ló tì mí tí n kò fi lè fèsì.

Iṣẹ́ tí mo ní ó ń lọ dáadáa, irọ́ ni. Láti Oṣù Kẹwàá èṣí ni ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó mú mi wá síbí. Lẹ́tà tèmi kò tí ì dé, ṣùgbọ́n tó bá ti dé, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n máa fún mi kí n rí ilé iṣẹ́ mìíràn tàbí kí n kúrò nílùú wọn. Mo san owó fún ẹni tó ní òun á bá mi wá ìwé, ó gbé e lọ. Mo tún san fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ Olúwajùwọ́n, ará Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ṣiṣẹ́, ni mò ń sùn. Ilẹ̀ yẹn nìkan ló kù tí mo lè tà. Lọ́yà Ṣọlá ní òun ò ní í gbà á tí ìyá bá wà nínú ilé tí kò mọ̀ sí i. Ìyẹn ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò. N kò mọ̀ pé ẹ máa búra.

Ká ní mo sọ fún yín ni, ẹ̀ bá ní kí n máa bọ̀. N kò lè padà wálé lọ́wọ́ òfo kí Abdulrauf àti àwọn yòókù máa wò mí. Ẹ tún rántí, Màámi, ọjọ́ tí mò ń lọ, ọ̀rọ̀ tó ti inú ilé wa tẹ̀ lé mi jáde ni pé kí n má padà wá láìdi ènìyàn. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹ ṣàánú mi lórí nǹkan kan. Nítorí ariwo tó ṣẹlẹ̀, lọ́yà Ṣọlá ní àfi kí ẹ fọwọ́ sí ìwé báyìí pé ẹ mọ̀ nípa títà náà. Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á gba owó wọn padà lọ́wọ́ mi, kò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n á gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń wo ìwé mi báyìí. Tí orúkọ mi bá bàjẹ́, ó ti tán.

Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.

Jẹ̀lílì.


Mowe,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Jẹ̀lílì,

Mo fọwọ́ sí i.

Ṣọlá fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó ní, "Màmá, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i." Mo ní mo ti kà á. N kò kà á. Bí mo bá kà á, ọwọ́ mi kò ní gbà.

Obìnrin tí mo pè ní olè, òun ló ní kí wọ́n kó bílọ́ọ̀kù kúrò lórí ṣọkọ mi. Ó ní kí n jẹ oko náà dé ìparí oṣù yìí kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nígbà tí òjò dá nínú oṣù Ògún, mo ń fa omi kànga láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ata so, ó pọ́n, ó lẹ́wà. Mo gbé díẹ̀ lọ fún ìyàwó alága bí mo ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mi, nínú ọ̀rá kan náà. Kò sí ẹni tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi mọ́ ládùúgbò yìí. Wọn kò bú mi o. Wọ́n kàn ń kí mi láti ọ̀nà jíjìn, n kò sì lè gbọ́ ìkíni ọ̀nà jíjìn.

O ní láti inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ yẹn ti tẹ̀ lé ọ jáde. Òótọ́ ni. Bàbá rẹ ló sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀, n kò sì já a nírọ́. Ìyẹn ni ẹ̀bi tèmi, mo gbé e. Ká ní o sọ fún mi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lò ń sùn, èmi ni ǹ bá mú ìwé ilẹ̀ náà lọ bá Ṣọlá.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ kò ju ojú ìwé kan. Kọ lẹ́tà sí alága àti Alfa Sùlèímọ́nù. Kọ ọ́ pé ìyá mi kò mọ̀, èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Fọwọ́ sí i. Salmah yóò tẹ̀ ẹ́, èmi yóò sì gbé e fún wọn. Mo ti fọwọ́ sí tìrẹ. Fọwọ́ sí tèmi.

Ìyá rẹ.


Leeds,
17 Nòfẹ́ńbà, 2024.

Màámi,

Ẹ ṣeun, mà, ẹ ṣeun. Ìwé mi ti dé! Ilé iṣẹ́ tuntun ti gbà mí, mo sì ti gba yàrá tèmi. Àdúà yín ló gbà.

Nípa ti lẹ́tà yẹn, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Màámi, ẹ wò ó dáadáa. Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ ẹgbẹ́ onílé, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Wọ́n á yà á ní fọ́tò, ó máa dé Arepo, ó máa dé ibí. Ọjọ́ kan ṣì ń bọ̀ tí mo máa padà wá gbé láàárín wọn. Àgbàlagbà ni àwọn bàbá yẹn, wọ́n á gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí fún yín, èyí tó dára jù. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé máa gbé e fún Salmah. Ẹ máa gbọ́ gbogbo nǹkan kedere. A á tún lè máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Jẹ̀lílì.


Ifọ̀,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Jẹ̀lílì,

Mo yọ̀ fún ọ lórí ìwé rẹ. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. N kò fẹ́ kí ọmọ mi máa sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo ti kúrò ní Mowe. Ọ̀dọ̀ Kúlúsúmù àbúrò mi ni mo wà ní Ifọ̀. Salmah ń tọ́jú ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ ọmọ Kúlúsúmù ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò fún mi.

Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀, mo ti ká ilá tó kẹ́yìn, mo ti hú ata pátá. Ṣọlá ní kí n fi ti ẹ̀gbẹ́ ògiri sílẹ̀, kò ní í dí òun lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo sì hú u.

Nígbà tí mo rí i pé o kò ní kọ ìwé náà, mo lọ bá wọn fúnra mi. Ìpàdé onílé ti oṣù Ọ̀pẹ ni. Mo dìde láàárín wọn, mo ní, "Èmi ni mo búra níbí. Ohun tí mo búra lé lórí kì í ṣe òótọ́. N kò mọ̀ nígbà náà. Ọmọ mi kò sọ fún mi." Alága tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn bi mí pé kí ló dé tí ọmọ náà kò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Salmah tún ìbéèrè náà sọ fún mi, torí mo ní kí ó má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Mo ní n kò mọ̀. Mo wo ojú wọn. Àwọn kan gbà mí gbọ́. Àwọn kan rò pé mo tún ń parọ́ ni, kí n lè rí ẹni bá mi sọ̀rọ̀. N kò ní í mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, títí tí n ó fi kú.

Alfa Sùlèímọ́nù bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó búra lórí ohun tó dá a lójú pé òótọ́ ni, kò sì sí ìtánràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹ̀rọ etí náà ti dé. Ó wà nínú páálí rẹ̀. Kò tí ì sí ohun tí mo fẹ́ gbọ́.

Ọyẹ́ mú gan-an níbí. Kúlúsúmù fún mi ní ìwọ̀nba ilẹ̀ kan nítòsí kànga, mo sì ti gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Bí n kò bá bu omi sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò ní í yè, nítorí náà mò ń bu omi sí i.

Bí o bá wálé, wá sí Ifọ̀. Oúnjẹ wà, ẹní wà. Ṣùgbọ́n gba Mowe kọjá kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi, kí o yà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Ẹnu tèmi kò ní í búra fún ọ mọ́ láyé. Ó ṣì ń ṣe àdúà fún ọ lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbìyànjú láti dá a dúró, kò gbà.

Sọ̀fíyátù,
ìyá rẹ.